Marquell Kò Tún Ṣẹ̀ Mọ́

Ọjọ́bọ̀ ni lẹ́tà dé pé adájọ́ fẹ́ fọ orúkọ Marquell mọ́.

Ernestine, ìyá rẹ̀, wọ bọ́ọ̀sì méjì nínú yìnyín Michigan lọ sí ilé ẹjọ́ àwọn ọmọdé.

Kẹ̀kẹ́ kan ni Marquell jí nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n sì rán an lọ sí ilé àtúnṣe àwọn ọmọdé. Lẹ́tà náà ní ó ti pé méjìdínlógún báyìí, kò sì tún ṣẹ̀ mọ́.

Akọ̀wé, Renita, ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń ṣí fáìlì.

"Míìsì Ernestine, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọdún mẹ́rin gbáko, kò jà, kò mugbó, ọlọ́pàá ò dá a dúró. Ọmọ tèmi nílé, àná ló tún gbé mọ́tò mi jáde láìgbàṣẹ."

"Ọmọdé ni."

"Ẹ ní kí Marquell wá bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ilé àtúnṣe yẹn mà tún un ṣe lóòótọ́."

Ernestine ṣí báàgì rẹ̀.

"Ó ku kó wá fọwọ́ síwèé fúnra rẹ̀. Àbí ojú ń tì í ni?"

Ernestine fa ìwé kan yọ nínú báàgì, ó gbé e síwájú Renita.

Ìwé ẹ̀rí ikú ni.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí Marquell dé ilé àtúnṣe ni ikọ́ fée gbé e nínú yàrá àdádó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ó ń díbọ́n.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Renita.

"Mà, òkú ò lè fọwọ́ síwèé."

"Mo mọ̀. Yá mi ní bírò, ọmọ mi."

Ó kọ orúkọ Marquell ní kíkún, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bó ṣe kọ́ ọ láti kọ ọ́ kó tó wọ ilé ìwé.