Ọ̀tá Ottavia Ghirardi

Ní Parma, ìlú kan ní Ítálì, ẹni tó bá ṣi orin kọ ní tíátà, súfèé ni wọ́n fi ń lé e. Àwọn tó ń jókòó lókè pátápátá lábẹ́ àjà, níbi tí tíkẹ́ẹ̀tì kò ti wọ́n, ni wọ́n le jù. Ermete Zanardi, tó ń ta itan ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ lẹ́bàá odò, sì le ju gbogbo wọn lọ.

Òun ló súfèé lé Ottavia Ghirardi lórí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kọrin ọ́pẹ́rà nílùú náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Ottavia nígbà náà. Ohùn rẹ̀ fẹ́ gòkè, ó dá lágbedeméjì, Ermete sì ki ìka bọ ẹnu. Ọmọ náà kò sá. Ó kọrin rẹ̀ parí, ó wọ́ aṣọ eré gígùn náà gun gbogbo àtẹ̀gùn dé òkè, ó na ìka sí Ermete nímú, ó sì bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó sọ. Wọ́n kàn rí i pé Ermete ṣí fìlà, ó sì mi orí. Wọ́n ní èébú tó bú u ló wọ̀ ọ́ lára.

Ottavia di ẹni tí gbogbo ayé ń wá: Vienna, Paris, Seoul. Bí wọ́n bá ti kéde orúkọ rẹ̀ níbì kan, Ermete á ti ṣọ́ọ̀bù, á wọkọ̀. Á jókòó lókè, kò ní pàtẹ́wọ́, kò ní súfèé, á sì padà wá ta ẹran rẹ̀. Learco, olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń jókòó lókè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìkórìíra ló ń san owó ọkọ̀ fún un. Ermete kì í jiyàn. Ottavia náà kò gbàgbé: kó tó tẹrí ba fún èrò ìsàlẹ̀, á kọ́kọ́ gbójú sókè, á wá a títí á fi rí i. Wọ́n ní ó ń wá a níjà ni.

Nígbà tó pé ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ó padà wá kọrin ní Parma lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Àwọn ìwé ìròyìn ní ohùn ọmọge ṣì ni ohùn rẹ̀. Àwọn onítíátà Vienna ti gbé àdéhùn ọdún márùn-ún dání, ó ku kó fọwọ́ sí i. Láàárọ̀, Learco wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ermete, bó o bá súfèé lónìí, o ò ní jókòó lókè yẹn mọ́ láé. Ẹgbẹ́ ti fẹnu kò."

"Ṣé ẹ̀yin náà gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú rédíò lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"A gbọ́. Ta ní í sọ fún ọlọ́jọ́ ìbí pé ó ti hu ewú?"

"Ṣé ẹran lo fẹ́ rà, àbí o wá dínà mọ́ oníbàárà mi?"

Learco fi ìbínú jáde. Ermete kò níyàwó, kò bímọ. Àga tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un lókè yẹn nìkan ni ibi tó ti máa ń rí ọ̀rẹ́.

Lọ́sàn-án, nígbà tí orin ìkẹyìn gun òkè, ohùn Ottavia já. Ó yára fọwọ́ bojú bí ẹni tó ń sunkún. Èrò ìsàlẹ̀ dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àwọn ará òkè wo ara wọn, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Omi wà lójú Ermete. Ó ki ìka bọ ẹnu, ó súfèé. Wọ́n gbá a létí. Ó tún súfèé, èyí sì rinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Learco gba káàdì ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fà á ya.

Ottavia gbọ́. Ó ní kí àwọn ará Vienna máa gbé ìwé wọn lọ, ó sì tún wọ́ aṣọ eré gun àtẹ̀gùn, ó ń sinmi díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará òkè là fún un, wọ́n fẹ́ rí i bó ṣe máa gbá ọkùnrin náà lójú. Ermete ṣí fìlà.

"Ẹ ṣeun, bàbá," Ottavia ló wí bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn sì gbọ́ ọ lọ́tẹ̀ yìí, "gbogbo owó ọkọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sí yín láti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, torí òní ni: mo ní lọ́jọ́ tí ohùn mi bá tán, tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ irọ́ fún mi, kí ẹ̀yin súfèé."