Bọ́tìnì Fídíò

Ẹ̀jẹ̀ ti bo ojú tẹlifíṣọ̀n kí olùkọ́ Sọ́ńdè Sùkúù tó dìde. Akọni tó ń fò lójú ọ̀run ti já lulẹ̀, ọ̀tá sì ti gún un lọ́kọ̀ láyà. Àwọn ọmọ fi igbe ta.

"Àńtí, ẹ ní fíìmù ọmọdé ni!" Bọ̀wálé ló pariwo bẹ́ẹ̀.

Ohun tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ rò nìyẹn. Inú ìwé aláwòrán ni wọ́n ti yọ ìtàn ọ̀hún. Ta ni yóò ya àwòrán fún àgbàlagbà? Nítorí Mọ́ṣádé ló ṣe yá kásẹ́ẹ̀tì náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀ ní Odògbólú, oṣù méjì gbáko, ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Olùkọ́ sáré tẹ bọ́tìnì tó ń dá fíìmù padà sẹ́yìn. Ọ̀kọ̀ yọ láyà akọni. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wọ ara padà. Ó dìde, ó fò lọ sókè.

"Ó ti jíǹde!" Bọ̀wálé ń pàtẹ́wọ́. "Àńtí, ẹ tún un tẹ̀!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Mọ́ṣádé náà rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ rí eyín rẹ̀, ó dúpẹ́ nínú ọkàn rẹ̀.

Mọ́ṣádé wá di aṣọ olùkọ́ mú.

"Àńtí, wọ́n ya fídíò níbi ìsìnkú bàbá mi. Kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wà nílé. Ẹ dúró, ẹ má tíì pa fídíò o, mò ń lọ gbé e wá."

Kí olùkọ́ tó nawọ́ mú un, ó ti sáré jáde, bàtà rẹ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀nà.