Ibi Tí Bàbá Ẹ̀rọ Gé Kúrò

Bàbá Ẹ̀rọ ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ń yí fíìmù ní ilé sinimá náà. Fíìmù ogun kan ló wà lórí ẹ̀rọ nígbà náà, èyí tó dá lórí oníròyìn kan tó ń bá àwọn sójà ẹlẹ́sẹ̀ rìn, tó ń sùn nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú wọn, tó sì ń kọ ọ̀rọ̀ wọn ránṣẹ́ sílé. Oníròyìn yẹn nìkan ni òṣèré. Sójà gidi ni àwọn tó kù. Ìjọba ló yá àwọn tó ṣe fíìmù ní wọn kí wọ́n tó kó wọn lọ sójú ogun. Púpọ̀ nínú wọn kò padà wá.

Ìyá àgbà kan ń wá wò ó lọ́sàn-án ojoojúmọ́, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀. Ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ní bí ogun bá tún dé, ìyá yìí ló yẹ kí wọ́n fi ṣe ọ̀gágun, torí kò sí kọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ lójú ogun inú fíìmù yẹn. Àga iwájú pátápátá ló máa ń jókòó sí, Bàbá Ẹ̀rọ sì máa ń rí i láti ojú ihò ara ògiri yàrá ẹ̀rọ lókè. Kò sí ohun tó ń ṣe é títí fíìmù á fi dé ibi tí ìbọn ti ba sójà ọ̀dọ́ kan, tó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí oníròyìn náà kúnlẹ̀ tì í. Níbẹ̀ ni ìyá á ti na ọrùn síwájú. Omi á máa dà lójú rẹ̀, ìka rẹ̀ á sì máa gbọ̀n lórí apá àga.

"Àbúrò mi ni sójà tó ṣubú yẹn," ọmọbìnrin náà sọ fún Bàbá Ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà. "Ó lọ sógun, kò bọ̀. Dókítà ní ọkàn màámi ò fẹ́ wàhálà. Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n má wá mọ́, wọ́n kọ etí ikún sí mi. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Ibi tí wọ́n ti ń pa á yẹn ló máa pa màámi."

Ẹni ọmọ sin ló bímọ, Bàbá Ẹ̀rọ náà sì ní ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni ikú ń pa ènìyàn," ó ní. "Èmi wá ń pa ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́. Fọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún mi."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé ibi ikú náà kúrò, ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ fíìmù pọ̀. Kò fọwọ́ kan ibi tí ọmọ náà ti ń jẹun, tó ti ń bá oníròyìn ṣàwàdà. Ó sọ èyí tó gé sínú iná kí ọ̀gá rẹ̀ má baà rí i. Kíá ló jó tán. Bàbá Ẹ̀rọ fọ ọwọ́, ó mu tíì.

Lọ́sàn-án, ìyá náà na ọrùn. Ọmọ náà ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn lọ, kò ṣubú. Nígbà tí fíìmù tán, omi kankan ò sí lójú ìyá. Ó di ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n gun àkàbà lọ sí yàrá ẹ̀rọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ẹ̀rọ. Ibi tí wọ́n ti yìnbọn fún ọmọ mi dà?"

"Mo ti sun ún, Màmá. Ẹ ò tún ní rí òkú rẹ̀ mọ́ láé."

Ìyá wá àga, ó jókòó.

"Kó tó lọ ló ti sọ fún mi pé, 'Màámi, tí wọ́n bá ti pa mí tán nínú fíìmù yẹn, ẹ wo ìka mi dáadáa, n óò máa fi kí yín,'" ó ní, "ojoojúmọ́ ló sì ń kí mi, tí èmi náà ń fi tèmi dá a lóhùn."