Fídíò Tó Kàn Láti Pa Rẹ́

Ẹ má ka ìtàn yìí dé ààbọ̀ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ kà á tán, ìparí rẹ̀ ni ọgbọ́n wà.

Ayàwòrán kan wà tí wọ́n ń pè ní Mo-rántí. Fídíò ìgbéyàwó kún kọ̀ǹpútà rẹ̀ bámúbámú, kò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí ọ̀kankan. "Tuntun" ló ń pè wọ́n. Tó bá tún ya òmíràn, ó di "Tuntun gan-an".

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Baálé mi, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i."

"Orí mi kì í ṣe asẹ́. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀."

Tí àyè bá tán nínú kọ̀ǹpútà, á pa àwọn tó ti pẹ́ rẹ́, láìwò wọ́n.

Ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ tí aránṣọ kan fa ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé.

"Bọ̀dá, fídíò ìgbéyàwó wa ni mo wá tún gbà. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ti jóná. Oyún eléyìí ló wà nínú mi tí ọkọ mi fi kú. Kò gbọ́ ohùn bàbá ẹ̀ rí."

Mo-rántí sáré dá kọ̀ǹpútà dúró. Ó ṣí Tuntun, ọjọ́ ìbí ọmọ oníbúrẹ́dì ni. Ó ṣí Tuntun gan-an, ìyàwó oníyàwó ló ń jó. Kíkó tó ń kó wọn kiri látinú mẹ́mórì kan sí òmíràn ti da ọjọ́ wọn rú.

Aránṣọ ní, "Ẹ ti pa á rẹ́, àbí?"

"Mi ò mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jáde lẹ́nu ẹ̀ rí.

Ìyàwó rẹ̀ fa àga sún mọ́ aránṣọ. "Àǹtí mi, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn tí kì í ṣẹlẹ̀ lóde ẹlòmíràn?"

"Ọkọ mi ń jó, ó gbá kámẹ́rà Bọ̀dá ṣubú. Díẹ̀ ló kù kí àwọn méjèèjì jà."

Mo-rántí dìde. Gíláàsì kámẹ́rà ti sán lọ́jọ́ náà. Gbogbo ohun tó fi yà lẹ́yìn ẹ̀ ló ní ìlà dúdú nígun. Wọn ò wojú èèyàn mọ́, ìlà ni wọ́n ń wá. Wọ́n dórí ọ̀kan tí kò ní ìlà níbẹ̀rẹ̀, ìlà dé láàárín, ohùn ọkùnrin kan sì ń rẹ́rìn-ín: "Bọ̀dá, ẹ má bínú, inú mi ló dùn jù."

"Màmá, òun nìyẹn? Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ní ọ̀fìnkìn."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Mo-rántí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Fídíò yẹn gan-an ló kàn láti pa rẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ó rántí, ẹ ò ní rántí. Ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sí fídíò yín lónìí, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ síbi méjì. Ẹ má pa ohun tẹ́ ẹ ò wò rẹ́. Kì í ṣe gbogbo òde ni kámẹ́rà ti máa ń ṣubú.