Ìyá Rédíò àti Dígí Orí Bẹ́ẹ̀dì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò tó ń gbèrú lójú yín.

1. Obìnrin kan wà tó ń tún rédíò ṣe. Ìyá Rédíò ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òun ló kọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin, Kékeré, níṣẹ́ náà, láti orí bí a ṣe ń fi òjé jó wáyà pọ̀.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Rédíò ni bàbá wọn ń gbé. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá a dùbúlẹ̀, kò lè yí ọrùn, ojú ọ̀tún nìkan ló sì ń ríran. Ìyá Rédíò bá so dígí mọ́ sẹ́fò kan, ẹ̀rọ kékeré tó ń lo iná láti yí nǹkan, lókè bẹ́ẹ̀dì. Sẹ́fò yìí kò ju páálí ìṣáná lọ. Bí ẹ bá yí bọ́tìnnì rẹ̀, á yí ohun tí ẹ so mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kì í yí ju ìdajì òbìrí lọ. Bàbá ń rí fèrèsé, kò rí ẹnu ọ̀nà tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

2. Ní Sátidé kan, Kékeré gbé sẹ́fò tirẹ̀ dé. Ó ti tú u, ó ti tún inú rẹ̀ ṣe, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po. Ó so dígí mọ́ ọn. Bàbá rí ẹnu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín.

"Kékeré, ìwọ lo la ojú mi."

Ìyá Rédíò dúró pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ bàbá lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Òun tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fọ aṣọ rẹ̀ láràárọ̀, kò la ojú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń yọjú ní Sátidé ló wá di ẹni tó la ojú bàbá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n fi bí mo ṣe ṣe é hàn yín. Ó ní ibi tó máa ń tanni jẹ."

"Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ó dáa. Jókòó, kó o jẹun."

3. Ní Mọ́ńdè, Ìyá Rédíò sọ fún bàbá pé òun fẹ́ nu eruku ara dígí. Irọ́ ni. Ó tú sẹ́fò Kékeré wò. Ó rí i pé Kékeré ti gé kókó kékeré ara jíà eléyín inú rẹ̀, èyí tó ń dá a dúró. "Kò ju èyí náà lọ," ló wí. Kò wo ìsàlẹ̀, níbi tí rẹsítọ̀ méjì bíńtín, èròjà tó ń dín agbára iná kù, wà, tí Kékeré jó mọ́ ohun tí sẹ́fò fi ń mọ ibi tó yí dé, kó lè mọ ibi tí yóò dúró. Ojú ìlara kì í wo nǹkan dé ìdí.

Ó gé kókó jíà tirẹ̀, ó dán an wò díẹ̀ lọ́wọ́, ó ṣiṣẹ́. Ó so dígí mọ́ ọn.

"Bàbá, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ tèmi náà."

Ó yí bọ́tìnnì dé òpin. Sẹ́fò kọjá ibi tó mọ̀, kò mọ ibi tó wà mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí láìdúró.

"Ó tó, ọmọ mi. Ó tó."

Ìyá Rédíò dá bọ́tìnnì padà, sẹ́fò kò gbọ́. Dígí já, ó gbá irin bẹ́ẹ̀dì, ó fọ́. Àfọ́kù kan wọ ojú ọ̀tún bàbá.

4. Dókítà sa gbogbo ipá rẹ̀, ojú ti lọ. Kékeré tú sẹ́fò náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, rẹsítọ̀ rẹ̀ dà?"

Ìyá Rédíò kò mọ̀ pé ó yẹ kó wà níbẹ̀.

Títí di òní, bí bàbá bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á béèrè pé, "Kékeré, ṣé ìwọ nìyẹn?"

Láràárọ̀, Ìyá Rédíò á gbé abọ́ dúró, á sì dáhùn pé, "Èmi ni, Bàbá."

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ o. Bí ẹni tí ẹ kọ́ níṣẹ́ bá mọ ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ bi í léèrè, kò dín yín kù. Ẹ má jẹ́ kí ìlara gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.