Kí Ọ̀dà Tó Kàn Án

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọlọ́pàá fẹ́ wá mú un, opó oníṣẹ́ awọ tẹ́ iṣẹ́ ìkẹyìn ọkọ rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Awọ funfun ẹ̀yìn àga ni. Ọkọ rẹ̀ fín ewé yí etí rẹ̀ ká, ó fi àárín sílẹ̀ láìfín. Àárọ̀ ọjọ́ tó kú ló fín in tán, ó ku ọ̀dà. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n bá a nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́. Ìyàwó nìkan ni wọ́n bá nílé, gbogbo àdúgbò sì ti dá ẹjọ́ náà tán lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn.

Ọjọ́ náà gan-an ni ọlọ́pàá ti yàrá iṣẹ́ pa. Àná ni wọ́n tó dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà.

Ó fún kànrìnkàn títí kò fi kán mọ́. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, ó ń fi yọ eruku inú ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ogún ọdún ni ọkọ rẹ̀ fi ń sọ ọ́ sí i létí pé kó fọ awọ kó tó fi ọ̀dà sí i, pé ibi tí ọ̀rá ọwọ́ bá kù sí, ọ̀dà ò ní mú un. Á ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ìkánjú rẹ ló máa lé àwọn oníbàárà mi lọ." Ó rántí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, omi sì lé sí i lójú.

Nígbà tó dé àárín, omi ò wọlé. Ó kóra jọ sójú awọ náà bí òógùn iwájú orí. Obìnrin náà gbé awọ lọ sójú fèrèsé, ó wò ó, ó tún un wò. Ó jókòó, ó tún dìde. Lẹ́yìn náà ó da omi ọṣẹ nù, ó sá awọ náà sí ibòòji kó gbẹ.

Lọ́sàn-án, ọ̀gá ọlọ́pàá dé, àbúrò ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé e. Agẹrun ni àbúrò yìí, òun ló fẹjọ́ sùn. Òórùn òróró irun ti wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé.

Ó nawọ́ sí awọ àti kànrìnkàn tó wà lórí tábìlì. "Ọ̀gá, ẹ ò rí i? Ẹ̀rí ló ń fọ̀ dànù."

"Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ni mo fẹ́ parí, ọkọ mi," ni opó náà fèsì.

Ọ̀gá ọlọ́pàá wo báàgì aṣọ tí opó náà ti dì sẹ́nu ilẹ̀kùn. Bó bá tẹ̀lé wọn lọ lónìí, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí yóò padà. Ó ní, "Ẹ parí ẹ̀, màmá. A ó dúró dè yín."

Opó náà ṣí agolo ọ̀dà dúdú. "Ṣé ẹ ò ní bá mi fi ọwọ́ kàn án ni, ọkọ mi?"

"Èmi? Ìka mẹ́rin yìí, orí èèyàn nìkan ni mo mọ̀ ọ́n fi gẹ̀." Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, èyí tí ẹ̀rọ ti gé ìka àárín rẹ̀ láti kékeré. Ọ̀gá ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò tiẹ̀ fọwọ́ kan èyí rí?" ni opó náà bi í.

"Níbo ni mo ti fẹ́ rí i? Oṣù mẹ́ta kí ẹ̀gbọ́n mi tó kú ni mo ti wọ yàrá yìí kẹ́yìn. Ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ọ̀gá ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀.

Opó náà rẹ aṣọ sínú ọ̀dà, ó bẹ̀rẹ̀ láti etí. Àwọn ewé náà ń dúdú lọ, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Agẹrun jókòó, ó ń súfèé.

Nígbà tí aṣọ náà kọjá láàárín, gbogbo awọ náà dú kirikiri, àfi ojú ibi kan ṣoṣo tí opó náà kò fọ̀, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún kan ti yọ funfun kedere, kò sì ní ìka àárín.