Ẹni Tí Mo Gbé Gíláàsì Náà Fún

Gíláàsì iwájú mọ́tò Pọ́ọ̀ṣì tó wà lágbàlá mi ládùúgbò Fate ti sán. Mo ń yan ẹni tí yóò pààrọ̀ rẹ̀.

Hamzah, ọ̀kan nínú oníṣẹ́ gíláàsì méjì tí mo pè, wò ó fìrí. "Bàbá, òkúta ló bà á."

Sálísù, èkejì rẹ̀, fọwọ́ pa á tinú tòde. "Hamzah, òkúta kì í jókòó sínú mọ́tò. Bàbá, orí èèyàn ló gbá a látinú. Ta ni ò de bẹ́líìtì?"



Sálísù ló mọṣẹ́ jù. Hamzah ni mo gbé e fún.

Àfẹ́sọ́nà Hidayat ọmọ mi ló fi mọ́tò náà ránṣẹ́, kí n fi gbé e lọ síbi yìgì.

Ọjọ́ yìgì náà la sin Hidayat.

Ó kọ́kọ́ de bẹ́líìtì.

Èmi ni mo ní, "Tú u, kó má baà rún léèsì rẹ."